Ọ̀dà Tó Gbẹ Sórí Wonder

Irun orí ọmọ rẹ̀ ni Bàbá Ikúmápàyí fi sínú ọ̀rá wá sí tẹ́ṣàn. Ó gbé e ka orí tábìlì Ìńsípẹ́kítọ̀ Hikmat Gbàdàmọ́sí, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó dúró.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Mo lè dúró, Màdáámù."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sin Wonder, ọmọ ogún ọdún, àkọ́bí ọkùnrin yìí. Hikmat ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí gbogbo Bàrígà ṣe gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́ méje láti ìjọ kékeré kan létí ọ̀sà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abẹ́òkúta láti fi ọjọ́ márùn-ún kun ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́dà, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́run. Mẹ́fà ló fi ẹsẹ̀ ara wọn padà wá. Wọ́n ní odò ló gbé ìkeje ní Ọjọ́bọ̀.

"Ta ló gé irun yìí?"

"Èmi ni. Nígbà tí à ń wẹ̀ ẹ́. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo wá gé e." Ohùn rẹ̀ rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ohùn ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Hikmat tú ọ̀rá náà. Ìdì irun kékeré kan ni, ọ̀dà funfun ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti le koránkorán bí èéfọ́ igbá. Ó fi èékánná ha á. Ọ̀dà náà kò ṣí.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Bàbá?"

"Màdáámù, ọmọ Ìlàjẹ ni wá. Wonder ti ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ ABD. Ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ọkọ̀ wa dojú dé láàárín ọ̀sà, òun ló fa àbúrò rẹ̀ dé ilẹ̀. Wọ́n wá ní odò tí kò mu àgbàlagbà dé àyà ló pa á. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá omi ló pa á."

"Ṣé ẹ rí nǹkan mìíràn lára rẹ̀?"

Bàbá na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó fi ìka òsì fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. "Ìlà kan wà níbí. Ó dúdú, etí rẹ̀ funfun. Dókítà tó wò ó lọ́hùn-ún ní okùn ló fà á. Ogójì ọdún ni mo ti ń fa okùn àwọ̀n. Okùn máa ń bó awọ ni. Èyí jó awọ ni."

Hikmat kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti mọ́ ọn lára.

"Ta lẹ ń fura sí?"

"Kò sí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló ń fura sí Ọlápọ̀sí. Òun àti Wonder jà lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lánàá. Wọ́n ní bí Sọ́ńdè bá dé tí kò tíì sọ̀rọ̀, ilé ni àwọn máa sun."

*

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Hikmat àti Sájẹ́ǹtì Ahmed ti fi ọ̀rọ̀ wá mẹ́ta lẹ́nu wò nínú àwọn ọ̀dọ́ tó lọ sí Abẹ́òkúta, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni àkọ́kọ́ ní: "Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀dà dà sí i lórí, ó sáré lọ fọ̀ ọ́ lódò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀."

Ẹnì kejì wọlé. "Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀dà dà sí i lórí, ó sáré lọ fọ̀ ọ́ lódò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀."

Nígbà tí ẹnì kẹta máa fi la ẹnu, Ahmed ti mọ ibi tó ń lọ. Ó dúró kí ọmọ náà jáde tán.

"Ẹnu mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan, mà. Ó jọ òótọ́."

"Òótọ́ kì í jọra tó bẹ́ẹ̀," Hikmat wí. "Bí èèyàn mẹ́ta bá rí ìjà kan náà, ọ̀kan á ní ọkùnrin náà wọ bàtà, èkejì á ní ẹsẹ̀ lásán ló wà, ẹ̀kẹta á ní bàtà ẹsẹ̀ kan ló rí. Ohun tí wọ́n bá kọ́ èèyàn ló máa ń dọ́gba bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó ń padà sílé, ó yà ní Onípanu, ó ra agolo kékeré kan ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ náà lò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ ní Ọbáníkòró, ó ṣí ìborí rẹ̀, ó gé ìdì irun méjì lórí ara rẹ̀, ó sì rẹ méjèèjì sínú ọ̀dà náà. Ó gbé ọ̀kan sábẹ́ omi ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi náà funfun bí wàrà, irun sì mọ́. Ó gbé èkejì sórí bíríkì. Ó jẹ búrẹ́dì, ó mu tíì. Nígbà tí wákàtí kan pé, ó gbé ìyẹn náà sábẹ́ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi dà nù bó ṣe mọ́. Ọ̀dà náà kò kúrò.

Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irun Wonder. Bákan náà ni wọ́n rí.

Bí Wonder bá sáré lọ sódò nígbà tí ọ̀dà dà sí i lórí, omi ì bá ti gbá ọ̀dà náà lọ kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ jáde. Ọ̀dà tó gbẹ ni omi bá. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ fọ orí kì í jókòó fún wákàtí kan kí ó tó dìde. Ibì kan ni Wonder wà tí kò ti lè dìde.

*

Ilé àǹtí rẹ̀ ní Abúlé Òkúta ni Ọlápọ̀sí sá sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó ga, ó tinrin. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú oúnjẹ tí kò fọwọ́ kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báńdéèjì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Hikmat rí báńdéèjì náà kí ó tó rí ojú rẹ̀. Ẹni tó pa Wonder ni àwọn ará àdúgbò ń wá, ó sì dà bíi pé òun nìyí. Ẹni tó bá a jà, tó sá pamọ́, tó fi ọwọ́ ṣèṣe.

"Ìwọ àti Wonder jà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Torí kí ni?"

"Torí ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì."

"Ìjókòó lásán?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mofẹ́olúwa ni, mà. A ti parí ẹ̀ ká tó dé Ṣàgámù. Ó fún mi ní ẹ̀pà rẹ̀ jẹ."

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?"

"Omi gbígbóná ló jó mi."

"Tú u kí n rí i."

Ó tú u. Ìlà kan gba àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá, ó dúdú, etí rẹ̀ funfun. Hikmat di ọwọ́ náà mú.

"Ọlápọ̀sí, omi gbígbóná máa ń tàn ká ni. Kì í fa ìlà."

"Mo ti búra, mà."

"Fún ta ni?"

Ó fi ọwọ́ òsì wé báńdéèjì náà padà.

"Wọ́n fẹ́ sun ilé ìyá rẹ."

"Mo mọ̀, mà. Bíbélì ni mo fọwọ́ lé. Ọwọ́ yìí náà ni." Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó bá wọn mú dání. "Láti Ọjọ́bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá ebi ń pa mí. Àǹtí mi máa ń gbé oúnjẹ wá, màá kàn máa wò ó."

Hikmat rò ó. Ọmọ yìí kò ní da ìbúra rẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ sun ilé náà mọ́ ọn lórí.

"Má sọ nǹkan kan fún mi," ó wí. "Ẹnu lo fi búra, ẹnu rẹ kọ́ ni mo wá gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo ṣe Wonder ní ibi ni o fi gba egbò yìí, jókòó síbi tí o wà. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ fà á yọ ni, dìde dúró."

Ó pẹ́. Nínú yàrá kejì, àǹtí rẹ̀ pa rédíò.

Ọlápọ̀sí dìde dúró.

*

Ẹja ni Mofẹ́olúwa ń yí lórí ààrò ìyá rẹ̀ létí ọ̀sà nígbà tí Hikmat dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Òun ló ń ya fọ́tò fún ẹgbẹ́ náà. Wọn kò mú un búra. Hikmat mọ èyí lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há nǹkan sórí.

"Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀, mà. Wọ́n rán mi lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá kọjá."

"Ṣé mo lè rí àwọn fọ́tò náà?"

Ọmọbìnrin náà nu ọwọ́ nù, ó gbé fóònù fún un. Nínú fọ́tò kan tí wọ́n yà ní aago mọ́kànlá àárọ̀, Wonder wà lókè àkàbà onírin, ó ń rẹ́rìn-ín, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hikmat tẹ fọ́tò náà kí ó fẹ̀ sí i. Wáyà iná kan ti orí òpó wá, ó wọlé sábẹ́ òrùlé ní igun tí Wonder ń kun ògiri lọ sí. Ara wáyà náà ti bó ní ibì kan. Irin inú rẹ̀ ń tàn.

Ó wo fọ́tò tó kẹ́yìn, ti aago mẹ́ta ààbọ̀. Ògiri ti funfun látòkè délẹ̀, ó rẹwà, àfi igun kan ṣoṣo lábẹ́ òrùlé, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ti ilẹ̀kùn lọ. Àkàbà wà nílẹ̀ nínú koríko.

"Ta ló máa ń gun àkàbà?"

"Wonder ni. Òun ni ara rẹ̀ fúyẹ́ jù."

"Nígbà tí o ti ọjà dé, kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n ń kun ilé, mà. Aago kan ti ń lù. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni."

"Wonder ńkọ́?"

"Bùrọ́dà Jìmí, olórí wa, ní orí ń fọ́ ọ, pé ó ń sùn nínú kíláàsì, kí n má jí i." Ó yí ẹja kan, ó yí òmíràn. "Mo gbé ìrẹsì tiẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà."

"Ta ló jẹ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, mà. Lẹ́yìn tí mo ya fọ́tò ògiri tán, Bùrọ́dà Jìmí ní kí n lọ dá ìkòkò padà fún ìyàwó pásítọ̀ tó gbà wá lálejò. Ìgbà tí mo ń padà bọ̀ ni mo gbọ́ igbe láti ọ̀nà odò."

Hikmat dá fóònù padà fún un. Mofẹ́olúwa kò gbà á. Ó ń wo ẹja orí ààrò, èyí tó wà níwájú rẹ̀ ti ń jóná, kò sì yí i.

"Mà, ṣé ó ti kú nígbà tí mo gbé oúnjẹ yẹn síbẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀," Hikmat wí. Ó na ọwọ́, ó yí ẹja náà fún un.

*

Adéjìmí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní Bùrọ́dà Jìmí, jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Òun ni olórí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Hikmat àti Ahmed wọlé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń pọ ìwé ètò ìsìn ìdúpẹ́ ti Sọ́ńdè jáde. Fọ́tò Wonder wà lẹ́yìn ìwé náà.

Hikmat gbé irun náà ka orí ìwé. Kò pariwo.

"Ọ̀dà yìí gbẹ kí omi tó kàn án. Ìlà kan náà wà lọ́wọ́ Wonder àti lọ́wọ́ Ọlápọ̀sí, ìlà ẹni tó di irin tí iná wà nínú rẹ̀ mú. Ẹ kun gbogbo ògiri tán lọ́jọ́ náà, ẹ wá fi igun kan sílẹ̀, igun tí wáyà wà. Ẹ̀rù ń ba ẹni tó kù láti gun àkàbà. Iná ló gbé Wonder. Ibo ni mo ti ṣì í sọ?"

Adéjìmí wo irun náà títí. "Ẹ ò ṣì í sọ, mà."

"Aago mélòó?"

"Kò tíì tó aago méjìlá. Àkàbà kan wáyà. Ọlápọ̀sí sáré lọ fà á, iná gbọ̀n òun náà dànù. Agolo ọ̀dà dojú dé sí Wonder lórí. Nígbà tí àkàbà fi ṣubú, kò mira mọ́."

"Ṣé o mọ̀ pé wáyà yẹn bó?"

"Olùṣọ́ ilé-ìwé sọ fún mi ní Ọjọ́rú. Ó ní ká má gbé àkàbà síbẹ̀ títí àwọn oníná á fi wá."

"O sọ fún Wonder?"

"Mo gbàgbé." Ẹ̀rọ náà pọ ìwé mẹ́ta, mẹ́rin. "Mi ò gbàgbé, mà. Mo ti ṣèlérí fún pásítọ̀ pé ògiri yẹn á parí ní Ọjọ́bọ̀. Mo rò pé yóò ṣọ́ra fúnra rẹ̀."

"Kí ló dé tí o gbé e lọ sódò?"

"Mo rò pé bí àwọn òbí bá gbọ́ pé mo mọ̀, kò sí ọmọ tí wọ́n tún máa jẹ́ kó bá wa lọ síbi kankan. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kó ẹgbẹ́ yẹn jọ. Mo ní kí àwọn mẹ́rin tó rí i búra. Mo rò pé... omi ni àwọn òbí rẹ̀ mọ̀. Mo rò pé omi ni wọ́n á gbà."

"Nítorí pé omi ni wọ́n mọ̀ ni wọn ò fi gbà," Hikmat wí. "Ta ló sọ pé ó ti kú?"

Adéjìmí tún àwọn ìwé tó wà níwájú rẹ̀ tò.

"Àwọn tí iná gbé ṣì lè jí. Bí wọ́n bá tètè tẹ àyà wọn, bí wọ́n bá tètè gbé wọn dé ọsibítù. Mo ní, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni. Mo gbé etí lé àyà rẹ̀."

"Kí lo gbọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, mà." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ahmed wo Hikmat. Hikmat wo ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkùnrin náà ṣe sọ ọ́, láìfi nǹkan kún un. Ó wá sọ fún Adéjìmí pé yóò tẹ̀lé àwọn lọ sí tẹ́ṣàn, pé àwọn ọlọ́pàá Abẹ́òkúta á wá gbà á níbẹ̀. Adéjìmí ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà, kí ìwé má bàa há sí i. Wọ́n jẹ́ kó pa á.

*

Bàbá Ikúmápàyí ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà lọ́sàn-án náà. Hikmat jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ fo ti jẹnẹrétọ̀ náà. Nígbà tó débẹ̀, bàbá náà gbójú sókè wò ó. Ó sọ ìyẹn náà.

Ọkùnrin náà ta kókó kan, ó fà á kí ó le, ó tún ta òmíràn.

"Omi kọ́, nígbà náà."

"Omi kọ́, Bàbá."

"Ẹ ṣeun." Ó ta kókó mìíràn. "Ọlápọ̀sí fẹ́ fà á yọ, ẹ ní?"

"Iná fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun náà."

"Tí mo bá ti parí ojú ibi yìí, màá lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Èmi ni màá bá wọn kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn padà. Àwọn ọ̀dọ́ ò lè ju òkò síbi tí mo bá wà."

Hikmat dúró de ẹkún. Kò dé. Ó dúró de èpè, ìyẹn náà kò dé. Ó ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ fún ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń bi òun: ọdún mélòó ni wọ́n máa fi ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n, ìgbà wo ni ẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀.

"Màdáámù," bàbá náà wí, "ilé-ìwé yẹn. Ìgbà wo ni àwọn ọmọ á wọlé?"

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀."

"Wọ́n ti wá tún wáyà náà ṣe?"

Hikmat dìde lórí ọkọ̀ náà. Ó ti wo wáyà yẹn nínú fọ́tò ní ìgbà ogún. Ó ti lò ó láti fi mú Adéjìmí. Ọjọ́ méje ti kọjá láti ìgbà tí wáyà náà ti pa èèyàn, pásítọ̀ kò béèrè, dókítà kò béèrè, òun náà kò béèrè.

Ó mú fóònù jáde. Ó wá nọ́ńbà tẹ́ṣàn Abẹ́òkúta, ó sì pè é. Bàbá Ikúmápàyí gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn kí òun náà lè gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.